Ẹkúndayọ̀ Phillips: Atẹdùùrù tó ní kí orin má ba ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ́ kí ìlù lè sọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa kò ju ohùn lọ. Bí onílù bá ṣi ohùn lù, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ti sọ yẹn. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kọ̀ ọdẹ, lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sí àgbẹ̀ tó máa dé Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, láti ra ọkọ́, tó máa wá pe ohùn rẹ̀ bí ọkọ̀, tí ẹni tó ń tajà kò ní fi í rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ohun tí kò ṣeé ṣe lọ́jà yìí, ó ti lé ní 170 ọdún báyìí tó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, wọ́n mú ìwé orin òyìnbó dání. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó mọ̀wé bá wọn túmọ̀ àwọn orin náà sí Yorùbá, ìtumọ̀ náà sì dára. Ohùn orin nìkan ni wọn kò túmọ̀. Ohùn tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́rùn, bí ẹni wọ ẹ̀wù ọmọdé fún àgbàlagbà. Níbi tí ohùn orin bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀run rere a di ọrùn. Níbi tó bá ti dúró sójú kan, ogún àwọn ènìyàn mímọ́ a di ogun. Ìgbà a di igbá, ìjọ sì ń ṣe àmín sí i.

Ọ̀pọ̀ àgbà ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bára mu, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wọn lára. Ẹnì kan ló kọ̀ tí kò jẹ́ kó mọ́ òun lára. Orúkọ rẹ̀ ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips, atẹdùùrù àti olórí ẹgbẹ́ akọrin ní Kàtídírà Christ Church tó wà ní Marina, l'Ékòó. Ọdún 48 gbáko ló fi wà nídìí iṣẹ́ náà, láti 1914 títí di 1962. Kì í ṣe ọmọ Èkìtì, síbẹ̀ ìtàn ìdílé rẹ̀ kan Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó bá wa parí ogun.

ỌMỌ ẸNI TÓ LỌ BẸ̀ WỌ́N NÍ KÍRÌJÌ

Ọdún 1884 ni wọ́n bí Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ẹni tó bá mọ ìtàn yóò rántí pé ogun Kírìjì ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà ní apá kan, àwọn Ìbàdàn wà ní apá kejì, ìbọn sì ń dún láti orí òkè sí orí òkè. Lásìkò kan náà yìí ni wọ́n ń parí ìtumọ̀ gbogbo Bíbélì sí èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Bàbá Ẹkúndayọ̀ ni Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti CMS tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó láti ọdún 1877. Nígbà tí ìjọba Èkó fẹ́ kí ogun náà parí, òun àti Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé mọ̀, ni wọ́n rán níṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń ti ibùdó kan bọ́ sí èkejì, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ, tí wọ́n ń gbé èsì bọ̀, títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Ó gbà tó ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ọdún 1893 yìí kan náà ni wọ́n sọ Charles Phillips di Bíṣọ́ọ̀bù, òun àti Isaac Olúwọlé lọ́jọ́ kan náà.

Bí ogun ti parí ni ọ̀nà là. Àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Púpọ̀ nínú wọn ti di onígbàgbọ́ níbi tí wọ́n wà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì gbé ìhìnrere dé ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì kí òyìnbó kankan tó dé ibẹ̀. Orin inú ìwé tí wọ́n há sórí ní ìgbèkùn ni wọ́n fi ń gbàdúrà nílé. Abẹ́ àbójútó Bíṣọ́ọ̀bù Phillips ni ìjọ kéékèèké wọ̀nyí wà títí tó fi kú ní 1906.

Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù ni Ẹkúndayọ̀ nígbà náà, iwájú dùùrù ni ó sì yàn láàyò. Ẹbí rẹ̀ kan tó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi pé ọmọ ọdún 18, wọ́n ti fi í ṣe atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀.

ÌJÀ TÓ WÀ NÍLẸ̀ KÓ TÓ DÉBẸ̀

Breadfruit tí ọmọ náà lọ tẹ dùùrù kì í ṣe ibi tó rọ̀ nígbà náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ náà ti binú jáde nítorí pé inú wọn kò dùn sí bí Bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó ṣe ṣe sí wọn lórí ọ̀rọ̀ ìjọ wọn. Àwọn tó jáde yìí ló dá African Church sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé dandan ni kí ènìyàn dúdú di òyìnbó kó tó lè sin Ọlọ́run.

Nígbà tí ọdún yí po tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1902, wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti wá wàásù. Mojọlá Agbebi ni. David Brown Vincent ni orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ ọ sílẹ̀ ní 1894, òun náà sì wà lára àwọn tó dá Native Baptist Church sílẹ̀ l'Ékòó ní 1888, nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi ọmọ ilẹ̀ wa kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà.

Ìwàásù ọjọ́ náà kò ṣeé gbàgbé. Agbebi ka àwọn nǹkan tí àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀sìn Kristi kò lè ṣe láìsí wọn: ìwé orin, dùùrù hamóníọ̀mù, ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun tí àwọn akọrin ń wọ̀, orúkọ òyìnbó àti aṣọ òyìnbó. Ó ní gbogbo wọn kì í ṣe kókó ìhìnrere, pé ọ̀pá ìtìlẹ́yìn lásán ni wọ́n jẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí onígbàgbọ́ ilẹ̀ Áfíríkà dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Àwọn tó kúrò ní Breadfruit jókòó, wọ́n ń gbọ́ pé dùùrù àti ìwé orin kì í ṣe ìhìnrere. Ní Breadfruit tí wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún ń tẹ dùùrù, ó ń kọ́ akọrin. Ìbéèrè tí Agbebi gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Phillips fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Kò ju dùùrù nù. Èyí tó ń wá ni bí dùùrù ṣe máa bọ̀wọ̀ fún èdè Yorùbá.

LONDON, ỌDÚN 1911

Ní 1911, Phillips wọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti kàwé nípa orin ní Trinity College of Music. Dùùrù, piano àti fáolín ni ó kọ́ níbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Agbebi wà ní London fún àpérò ńlá tí wọ́n pe gbogbo ẹ̀yà ayé sí, tó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nípa ìṣòro ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Agbebi kú ní 1917.

Phillips gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì padà wálé ní 1914, ọdún tí wọ́n pa Gúúsù àti Àríwá pọ̀ di Nàìjíríà, tí ogun àgbáyé kìíní sì bẹ́ sílẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kàwé gboyè nínú orin. Bó ti dé ni wọ́n fi í ṣe atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Christ Church, ṣọ́ọ̀ṣì tó wá di kàtídírà.

Ẹni tó bá mọ Kàtídírà náà lónìí, bó ṣe ga fíofío lẹ́bàá ọ̀sà, kó mọ̀ pé ojú Phillips ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìṣẹ́ ilé náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1924, ní ìbámu pẹ̀lú àwòrán tí Bagan Benjamin yà. Ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó padà di Edward Kẹjọ, ló fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1925. Ọdún 1946 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ọdún 22 ni àwọn bíríkìlà fi ń mọ ògiri, orin kò sì dúró lọ́jọ́ kan.

ÌDÍ TÍ OHÙN ÒYÌNBÓ KÌ Í FI Í BÁ YORÙBÁ LỌ

Kí ó lè yé ènìyàn ohun tí Phillips ń bá jà, ó yẹ ká tú u palẹ̀ díẹ̀. Yorùbá ní ohùn mẹ́ta: ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, èyí tí àwọn olùkọ́ máa ń pè ní dò, re, mí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti ń kọrin díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi orin sí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ti ní orin tirẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Òyìnbó lè gbé ohùn ọ̀rọ̀ kan sókè tàbí sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní torí ìyẹn di nǹkan mìíràn.

Ìṣòro kìíní nìyẹn. Ìṣòro kejì ni pé orin inú ìwé ní ẹsẹ púpọ̀, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń kọ gbogbo ẹsẹ náà. Ká ní ohùn orin kan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó wá gòkè. Bí ẹsẹ kìíní bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bàbá", ó bá a mu rẹ́gí. Bí ẹsẹ kejì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọba", ohùn ọ̀rọ̀ náà dúró sójú kan, orin ń gòkè, wọ́n ti yapa. Bí ẹsẹ kẹta bá wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "wúrà", ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, orin ń gòkè, ìjà ti dé. Nítorí náà, bí ẹni tó túmọ̀ orin tilẹ̀ gbọ́n tó sì mú kí ẹsẹ kìíní dọ́gba, ẹsẹ tó kù yóò dà á rú.

Ìṣòro kẹta ló le jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Orin òyìnbó jẹ́ olóhùn mẹ́rin: ohùn òkè àti ohùn kejì ti àwọn obìnrin àti ọmọdé, ohùn kẹta àti ohùn ìsàlẹ̀ ti àwọn ọkùnrin. Ẹ̀kọ́ orin wọn sì kọ́ni pé ó dára kí ohùn ìsàlẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ohùn òkè bá ń gòkè. Ó dùn gbọ́ létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá wà nínú rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ kan náà, àwọn obìnrin ń kọ "ọkọ́", àwọn ọkùnrin ń kọ "ọkọ̀". Àwọn obìnrin mú igbá dání, àwọn ọkùnrin gbé igbà ọ̀pẹ kọ́rùn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, orin kan, ọ̀rọ̀ méjì.

ÌWÉ TÓ JÁDE NÍ 1953

Phillips kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ìráhùn. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí orin ìbílẹ̀, ó ń gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń dárin àti bí ègbè ṣe ń gbè é, títí tó fi kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ní 1953, ẹgbẹ́ African Music Society tó wà ní Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, tẹ ìwé náà jáde. Àkọlé rẹ̀ ni Yoruba Music, wọ́n sì fi kún un pé ìwé náà dá lé bí ọ̀rọ̀ sísọ àti orin ṣe wọnú ara wọn.

Kókó ìwé náà kò ju pé ọ̀rọ̀ ni olówó orí, orin ni ìyàwó. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá lọ ni orin ń tẹ̀ lé e lọ. Phillips ṣàlàyé pé ohùn márùn-ún ni ọ̀pọ̀ orin Yorùbá ń lò, kì í ṣe méje bíi ti òyìnbó. Ó tún fi orin wa wé orin ìsìn àtijọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí àwọn alufaa ń kọ kí orin olóhùn mẹ́rin tó dé, níbi tí ọ̀rọ̀ àdúrà ti ń darí orin. Ohun tó fẹ́ kí àwọn tó ń fojú tín-ín-rín orin ìbílẹ̀ mọ̀ ni pé orin wa kì í ṣe orin aláìmọ̀kan. Orin tó ní òfin ni, ó sì jọ èyí tí ìjọ Kristi fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí lágbára lásìkò náà. Láti ìgbà àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n ti ń sọ fún onígbàgbọ́ pé ìlù àti orin ìbílẹ̀, ti òrìṣà ni. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù, tó kàwé ní London, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà tó ga jù l'Ékòó, ló wá ń sọ pé kí wọ́n lọ fetí sí orin náà dáadáa.

Ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó kọ orin sí Orin Dáfídì 121 ní èdè Yorùbá. Ó mú ohùn orin ìbílẹ̀, ó sì kọ ọ́ fún dùùrù ńlá: ọ̀kan nínú wọn ni Passacaglia on an African Folk Song, èkejì ni Variations on an African Folk Song. Bẹ́ẹ̀ náà ló kọ orin sí àwọn ọ̀rọ̀ ìsìn Áńgílíkà ní ọ̀nà ti òyìnbó.

Ká má parọ́, Phillips kò lé orin òyìnbó kúrò ní Kàtídírà. Ọmọ Áńgílíkà paraku ni, akọrin rẹ̀ sì mọ orin Gẹ̀ẹ́sì kọ bí ìgbà tí wọ́n wà ní ìlú ọba. Àwọn kan wà tó rò pé ó yẹ kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá nípa ìlù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìlẹ̀kùn, inú ilé ni yóò ti ṣí i, inú ilé náà sì ni Phillips wà.

ÀWỌN ỌMỌ TÓ TI ABẸ́ RẸ̀ JÁDE

Igi tó bá so èso rere, èso rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Lára àwọn ọmọdé tó kọrin lábẹ́ Phillips tó sì kẹ́kọ̀ọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905. Ṣówándé lọ sí London ní 1934, ó gba oyè tó ga jù fún àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1943, ó sì kọ African Suite ní 1944. Ó mú ohùn orin ìjọ Yorùbá, ó sọ ọ́ di orin dùùrù tí wọ́n ń tẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, òun ló kọ Folk Symphony fún ayẹyẹ náà. Ó kọ́ni ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1987.

Ayọ̀ Bánkọ́lé ni ẹlòmíràn. Jos ni wọ́n bí i sí ní 1935, bàbá rẹ̀ náà sì jẹ́ atẹdùùrù. Ilé ẹ̀kọ́ Baptist Academy l'Ékòó, èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1855, ló lọ, ọ̀dọ̀ Phillips ní Kàtídírà ló ti ń kọ́ orin. Ó kàwé ní London àti Cambridge, ó padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ọwọ́ apànìyàn ló kú sí ní oṣù kọkànlá ọdún 1976, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ẹni ọdún 41 péré ni. Àdánù náà ṣì ń dun àwọn tó mọ̀ nípa orin títí di òní.

Nígbà tí Phillips fẹ̀yìn tì ní 1962, ọmọ bíbí inú rẹ̀, Charles Ọbáyọ̀mí Phillips, ló bọ́ sí ìdí dùùrù náà, ó sì lo nǹkan bí 30 ọdún níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin ni wọ́n fà lé lọ́wọ́, Tolú Ọbájímí. Ní 1964, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka fi oyè ọ̀mọ̀wé nínú orin dá Ẹkúndayọ̀ Phillips lọ́lá. Ọdún 1969 ló papò dà, ó ti lé dáadáa ní ọgọ́rin ọdún.

ÀWỌN MÌÍRÀN TÓ GBA Ọ̀NÀ NÁÀ

Phillips nìkan kọ́ ló rí ìṣòro yìí. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní 1855, ti ń kọ orin ìjọ tó bá ohùn Ẹ̀gbá lọ, tó ń fi í jíhìnrere láti ìlú sí ìlú. Ní 1922, nígbà tó wà ní London, ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, orin tó lé ní ogójì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Àlùfáà A. T. Ọlá Olúdé, tí wọ́n bí ní 1908, kọ orin tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orin tó kọ ní 1949 wà nínú ìwé orin àwọn Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà tó jáde ní 1989, tí àwọn aláwọ̀ funfun náà sì ń kọ ọ́.

Ní ti Èkìtì, ọ̀nà méjì ni orin ìjọ gbà wọlé. Ọ̀nà kìíní ni ti ilé ìwé. Áṣídíákónì Henry Dallimore, òyìnbó CMS tó fi Adó-Èkìtì ṣe ilé, dá ilé ẹ̀kọ́ tó di Christ's School sílẹ̀ ní 1933. Àwọn olùkọ́ tó jáde níbẹ̀ àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé ìwé orin dé àwọn abúlé, tí wọ́n fi sólúfà kọ́ àwọn àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà ní ohùn mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ àgbà tí kò lè ka ìwé ìròyìn ló mọ ohùn ìsàlẹ̀ orin 100 látorí. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ṣí ní 1930, nígbà tí ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láàárín ọdún kan náà. Àwọn aládùúrà kò ní dùùrù, wọn kò sì dúró de ẹni tó máa kọ́ wọn. Ẹnì kan lé orin, ìjọ gbè é, àtẹ́wọ́ àti agogo ló bá wọn lọ. Ohùn orin náà ti inú ọ̀rọ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohun tí Phillips ń fi ìwé àti ẹ̀kọ́ wá ní Marina, àwọn àgbẹ̀ Èkìtì ti ń fi ẹnu ṣe é lórí òkè àdúrà. Nígbà tó yá, àwọn ìjọ tó ní dùùrù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlù wọlé, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi.

Àwọn Onítẹ̀bọmi kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn wọn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1898 ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní orin ìjọ, àwọn tó sì ń jáde níbẹ̀ ń bẹ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, títí dé àwọn ìjọ tó wà ní Èkìtì. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wọ̀nyí, díákónì kan tó ti dàgbà ló máa ń wà nídìí ẹgbẹ́ akọrin, tí kì í gba owó, tó jẹ́ pé òun ló ń ra epo sí ẹ̀rọ amúnáwá lálẹ́ ọjọ́ ìdánrawò, òun náà ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da orin kọ fún gbogbo wọn. Irú wọn kì í wọ ìwé ìtàn, ṣùgbọ́n àwọn ni ẹ̀kọ́ Phillips ń bá wí.

OHUN TÓ ṢÌ KÙ

Ìjà náà kò tíì parí. Ìwé orin àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́, àwọn àgbà sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi sin òbí wọn, òun ni wọ́n fi gbéyàwó. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jù ú nù. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ti ń fi ẹ̀rọ àti gìtá kọ orin mìíràn, tó jẹ́ pé nínú púpọ̀ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Níbi tí wọ́n bá sì ti lo Yorùbá, àwọn kan ń fa ohùn rẹ̀ gùn lọ́nà ti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ a tún dojú rú. Àṣìṣe tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe nítorí pé wọn kò gbọ́ èdè, àwọn ọmọ ilé ni wọ́n ń ṣe é báyìí.

Ohun tí olórí akọrin lè ṣe kò nílò owó ńlá. Kó tó yan ohùn fún orin, kó kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kó gbọ́ ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀. Orin tí ohùn rẹ̀ bá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù, kí wọ́n wá ohùn mìíràn fún un, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di orin lílé àti gbígbè. Níbi tí orin olóhùn mẹ́rin bá ti ń fa ọ̀rọ̀ ya, kí gbogbo ohùn jọ gòkè, kí wọ́n jọ sọ̀. Orin Dáfídì dára púpọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ewì.

Ọ̀nà tí wọ́n sì máa fi mọ̀ bóyá ó ti yọrí kò le rárá. Kí wọ́n wá ìyá àgbà kan tí kò mọ̀wé, kí wọ́n fún un ní àga, kí wọ́n kọ orin tuntun náà sí i létí láìfi ìwé kankan hàn án. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, kí wọ́n ní kó sọ ohun tó gbọ́. Bó bá lè ka ọ̀rọ̀ náà padà fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orin náà ti jẹ́ Yorùbá.